Sìmẹ́ǹtì Lórí Ògiri Amọ̀

Títí di òní, n kì í dọ̀bálẹ̀ kí àbúrò bàbá mi. Ẹni tó bá ní n kò lẹ́kọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ lọ wo ibi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀ ní Àpòmù.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni. Owó kòkó ni bàbá bàbá mi fi kọ́ ọ, ó sì fi amọ̀ mọ òdòdó sórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé a lè jókòó sójú fèrèsé ká nasẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti dé, àwọn ìyàwó ilé á po amọ̀ mọ́ ìgbẹ́ màlúù, wọn á fi ọwọ́ rẹ́ gbogbo ibi tí òjò bá ti bó. Màámi ló máa ń ṣíwájú wọn. Èmi máa ń sá lọ nítorí òórùn ìgbẹ́.

Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, àbúrò bàbá mi ní ilé amọ̀ ń dójú ti òun lójú àwọn àna. Ó kó bíríkìlà wá láti Ìkirè pé kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, amọ̀ máa ń mí. Tẹ́ ẹ bá dí i pa, omi tó bá wọlé ò ní ríbi jáde."

"Ṣé ògiri nímú ni?" Òun àtàwọn bíríkìlà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́gbọ́n ayé!

Màámi bu omi mímu fún àwọn bíríkìlà. Ọmọdé ni àbúrò bàbá mi yìí nígbà tí Màámi wọlé ọkọ. Òun ló ń wẹ̀ fún un. Síbẹ̀, "Ọkọ mi" ló ń pè é, ìyàwó ilé kì í sì í bá ọkọ jiyàn.

Òjò ọdún méjì rọ̀. Ilé ń dán lóde, inú rẹ̀ ń yọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ògiri yàrá Màámi wó. Ọlọ́run ló yọ ọ́, mọ́sálásí ló wà.

Ojú ò ti àbúrò bàbá mi. Ó pe ìpàdé ẹbí, ó ní ilé ti gbó, ká wó èyí tó kù, ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo ní yàrá ẹ̀yìn ṣì le, ká fi sílẹ̀ fún Màámi. Wọ́n ní kí n panu mọ́, ọmọdé ni mí.

Àbúrò bàbá mi wá yíjú sí Màámi. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ ni ilé. Àwa la rẹ́ ẹ."

Wọ́n wó o náà.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ìkirè ni Màámi wà báyìí, nínú ilé búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, mo bá a níta, ó ń fọwọ́ pa ògiri mi.

"Kí ni wọ́n máa ń ṣe sí èyí lọ́dọọdún?"

Mo ní kò nílò nǹkan kan. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn sábẹ́ ìbòrùn, ó sì wọlé.