Aṣọ́ni Nínú Agolo Sítáàṣì

Kò sí ẹni tó mọ àṣírí àdúgbò náà tó Bàbá Sítáàṣì, kò sì sí ẹni tó mọ ẹnu pa mọ́ tó o. Alágbàfọ̀ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí ṣẹ́ẹ̀tì tó bá kúrò lábẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó máa dá rìn lọ síbi iṣẹ́. Àmọ́ kí aṣọ tó kan omi, ọwọ́ Bàbá á kọ́kọ́ wọ inú àpò rẹ̀, inú àpò sì ni ọmọ aráyé máa ń gbàgbé ara wọn sí. Ó ti rí yẹtí nínú àpò ṣòkòtò onílé kan tí ìyàwó rẹ̀ kì í lo yẹtí. Ó fi bébà wé e, ó tẹ̀ ẹ́ lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ gbàgbé ìṣó yín." Ó pẹ́ kí onílé tó lè wo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ẹni tó ń tú àpò àwọn ènìyàn wò lójoojúmọ́, ẹ ò lè retí pé kó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú tirẹ̀.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, tí gbogbo wa ń fi ìbòmú bo ẹnu bí ẹni tó fẹ́ lọ jalè, ìjọba gbé áàpù kan jáde tí wọ́n pè ní Aṣọ́ni. Wọ́n ní kí kálukú máa gbé fóònù rẹ̀ káàkiri. Fóònù rẹ àti ti ẹni tí o bá súnmọ́ á dá ara wọn mọ̀, bí àrùn bá wá mú ọ̀kan nínú yín, wọ́n á tètè kìlọ̀ fún èkejì. Ọmọ Bàbá Sítáàṣì obìnrin, tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, tó sì ń bá a lọ aṣọ nírọ̀lẹ́, ló gbé e sórí fóònù bàbá rẹ̀. Wọn ò fi àmì ohùn sórí orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ aṣọ ló kún orí Bàbá. Ó kà á ní "Aṣọ ni".

"Ta ló ní kì í ṣe aṣọ?" ó bi ọmọ rẹ̀. "Ní kí wọ́n gbé e wá, màá bá wọn fọ̀ ọ́."

"Bàbá, Aṣọ́ni! Ó ń ṣọ́ yín ni."

"Ó ń ṣọ́ mi? Kí ni mo jí?"

Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní ta ni yóò fẹ́ kú nítorí fóònù. Awakọ̀ takisí kan ní ó ń jẹ bátìrì. Onílé yẹn, oníyẹtí, ní òun ò bá ìlera jà o, àmọ́ kí ló kan ìjọba nínú ibi tí òun jókòó sí? Bàbá Sítáàṣì tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ kọ́là, kò dá sí i. Ọ̀rọ̀ onílé yé e ju bó ṣe yẹ kó yé e lọ.

Àṣírí tirẹ̀ ń gbé ní òpópónà kejì. Aránṣọ ni, opó ni, yàrá kan ló ní, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni Bàbá Sítáàṣì máa ń gbà wọlé. Láàárín àwọn ènìyàn, "ẹ" ni Aránṣọ máa ń lò fún un: ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ bá mi fọ èyí. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ti pa dé, tí omi tíì ń hó, ó di "ìwọ". O ti jẹun? Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, bọ́tìnnì yìí fẹ́ já. Ó ti pẹ́ tí ìyàwó Bàbá ti kú, láti ìgbà náà kò sì sí ẹni tó tún pè é ní ìwọ. Ó dùn mọ́ ọn ju ṣúgà inú tíì náà lọ.

Kí ló wá dé tó ń fi pamọ́? Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún pé, "Bàbá, ẹ má fi ẹnikẹ́ni rọ́pò ìyá mi." Bàbá mi orí pé òun gbà. Orí tó mì yẹn ló ń gbé kiri látìgbà náà. Nítorí náà, bó bá ti fẹ́ lọ sí òpópónà kejì, á sọ fóònù sínú agolo sítáàṣì tó ti tán, á dé e, á gbé e sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ́ni á jókòó síbẹ̀, á máa ṣọ́ agolo.

Ti Aránṣọ kì í kúrò lára rẹ̀ ní tirẹ̀. Ó rán àpò kékeré kan fún fóònù náà, ó fi kọ́rùn. Ikọ́ fée máa ń dà á láàmú, òun nìkan ló sì ń gbé.

"Èmi ò ní ẹni tó ń ṣọ́ mi," ó sọ fún Bàbá. "Bí nǹkan kan bá fẹ́ ṣe mí, ó kéré tán ẹnì kan á mọ̀. Tìrẹ ńkọ́? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Kò kúkú purọ́. Níbi tó wà lórí pẹpẹ yẹn, ó ń ṣiṣẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Sítáàṣì ṣí ike ọṣẹ, kò gbọ́ òórùn kankan. Ó ki imú bọ inú ike, òfo ni. Alágbàfọ̀ tí kò gbóòórùn ọṣẹ! Ẹ̀rù bà á. Ọmọ rẹ̀ mú un lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n sì ní àrùn náà ni. Wọ́n fi í sí yàrá òun nìkan, ọmọ rẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbòmú. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera pè. Bàbá ti gbé fóònù sórí àga, ohùn rẹ̀ ń jáde sí gbogbo yàrá.

"Bàbá, ohun tí Aṣọ́ni fi hàn ni pé ọmọ yín àti oníbàárà díẹ̀ nìkan lẹ súnmọ́. A ti kìlọ̀ fún wọn. Ṣé ẹlòmíràn wà tí fóònù ò rí?"

Ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Bó bá sọ pé kò sí, ọ̀rọ̀ parí, orí tó mì lọ́jọ́ ìsìnkú ò ní di irọ́. Ṣùgbọ́n ó rí Aránṣọ lójú ọkàn, bó ṣe tẹrí sí i láyà láti fi eyín gé òwú bọ́tìnnì, tí èémí ẹni àìlera yẹn ń kan ọrùn rẹ̀.

"Ó wà," ó ní. Ó tẹ̀ síwájú síbi fóònù, ó tún un sọ. "Ó wà. Aránṣọ òpópónà kejì. Ẹ sáré pè é, ẹ jọ̀ọ́, ó ní ikọ́ fée."

"Ṣé ẹ súnmọ́ ara yín gan-an?"

"Gan-an ni," Bàbá Sítáàṣì wí, òógùn bò ó.

Nígbà tí wọ́n pa fóònù, kò lè gbójú sókè. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń so bọ́tìnnì mọ́ aṣọ bí ẹni so igi ìdáná. Èmi ni mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì yín. Ṣé ẹ rò pé mi ò rí òwú tí wọ́n rọra yí mọ́ bọ́tìnnì lọ́rùn? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹ sọ fún mi."

"O ò bínú?"

"Mo bínú nígbà kan. Ìgbà tó yá, mo rí i pé ẹ tún ti ń kọrin tí ẹ bá ń sá aṣọ." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ojú ti Bàbá Sítáàṣì, ara sì tù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìgbà tó ń ka aṣọ oníaṣọ, ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ ti ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nírọ̀lẹ́, Aránṣọ pè.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà." Inú Bàbá bà jẹ́ níbẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn lórí fóònù tó fi ń pè é ní ẹ̀yin. "Wọ́n ti pè mí. Wọ́n ní fóònù mi ò rí tiyín rí. Lẹ́ẹ̀kan péré, sà, kò rí i. Ibo lẹ máa ń gbé e sí?"

"Inú agolo," ó dáhùn. "Agolo sítáàṣì."

Èémí Aránṣọ ń súfèé létí fóònù.

"Fóònù kọ́ lẹ fi sínú agolo," ó ní. "Èmi ni."

Ó sì pa á. Bó bá bú u ni, ìbá sàn.

Kó tó di ọjọ́ kejì, àyà Aránṣọ dí. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ń pè é léraléra, wọ́n gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń tín-ín-rín, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n sọ pé bó bá jẹ́ pé ó dá wà níbẹ̀ láìmọ ohun tó ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ìbá yí padà. Bàbá Sítáàṣì gbọ́ ọ, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ẹni tó ń fi ohun tó fẹ́ràn pamọ́ kì í mọ̀ pé ohun náà lè máa rò pé wọ́n ń tijú òun.

Nígbà tí ara àwọn méjèèjì yá, Bàbá Sítáàṣì gbéra lọ sí òpópónà kejì. Ọ̀sán gangan ni, iwájú ilé ló gbà, ọmọ rẹ̀ ń bá a rìn, fóònù wà lápò àyà Bàbá, ó yọrí síta. Onílé oníyẹtí rí wọn, ó ní, "Ibo ni, Bàbá?" Bàbá ní, "Ilé Aránṣọ," ó sì ń lọ.

Aránṣọ ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. "Ẹ káàbọ̀, sà," ó ní, kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bàbá ti tò sílẹ̀ fò lọ. Ó yọ fóònù, ó nà án sí i. "Ó ń ṣiṣẹ́," ó ní.

Aránṣọ wo fóònù. Ọmọ Bàbá ló bá wọn dá sí i. "Ẹ kú ewu, mà. Ẹ ṣeun fún àwọn bọ́tìnnì yẹn."

Aránṣọ wo ọmọ, ó wo bàbá, ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń di àyà mú. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ bọ́ sórí bọ́tìnnì kan láàárín ṣẹ́ẹ̀tì Bàbá, tí òwú rẹ̀ ń fì dirodiro.

"Ta ló so èyí?"

"Èmi ni," Bàbá Sítáàṣì wí.

Aránṣọ pòṣé, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wọlé," ó ní. "Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, jẹ́ kí n tún un rán."

Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ, ó ní. Níwájú ilé, níṣojú ọmọ rẹ̀, ó ní rẹ.