Ẹ̀wù Awọ Tí Mo Rán Sódì

Ní gbogbo àdúgbò Ṣaráfíyà ní Jẹ́dà, bí ẹ bá bèèrè ẹni tó mọ awọ rán, èmi ni wọn yóò nàka sí. Prámárì kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni láti ìgbà náà. Àwọn dókítà ilẹ̀ wa tó ń ṣiṣẹ́ níbí, tí ìwé kún orí wọn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé báàgì tó ya wá. Àwọn Lárúbáwá ń gbé fáríwà wọn wá, ẹ̀wù òtútù ńlá tí irun àgùntàn wà nínú rẹ̀, tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí apá àríwá. Màá tú u, màá tún un rán, ẹ kò ní mọ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà.

Ohun tí n kì í sọ ni pé bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó di ọjọ́ kejì kí n tó tún gbọ́ ohùn ẹnì kan. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà nílé ní Ìwó. Tí mo bá pè wọ́n, wọn á kí mi, wọn á bèèrè àlàáfíà mi, ọ̀rọ̀ á tán.

Àlàájì kan ló mú kí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ mi yàtọ̀. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, àdúgbò Hùjúùn ló ń gbé. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti ilé wa wá ṣe Háàjì tí kò padà. Yorùbá àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ ló ń sọ, Lárúbáwá sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń dá a lóhùn. Ó fẹ́ràn ohun ogun àtijọ́. Akoto irin sójà kan wà ní pálọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé báàgì rẹ̀ tí mo tún rán lọ fún un, ó fi fọ́tò kan hàn mí nínú ìwé: àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, wọ́n dúró nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sójú ogun, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn, wọ́n wọ ẹ̀wù awọ ewúrẹ́ tí kò lápá.

"Òtútù ló fẹ́ pa wọ́n," ó ní. "Rán irú rẹ̀ fún mi, kí n gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ akoto yìí."

"Bàbá, ẹ ti rí i gbà," ni mo wí. N kò wo fọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni mo fẹ́ wò?

Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni, mo sọ ọ́ di oṣù méjì. Jímọ́ọ̀ kan, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mẹ́kà láti wọn àyà rẹ̀. Òmíràn, mo kó awọ lọ kí ó yan àwọ̀. Bí a bá ti kírun tán, á bu kọfí fún mi, a ó máa sọ̀rọ̀ títí Aláásàrí á fi tó. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí ẹ̀wù bá parí, kí ni màá tún sọ pé mo wá ṣe? Ẹni bíi tèmi kì í lọ jókòó sílé onílé láìsí iṣẹ́ tó gbé e lọ.

Nígbà tí àwáwí tán, mo gbé ẹ̀wù náà lọ. Àlàájì yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Irun rẹ̀ dà?"

"Ó wà nínú, Bàbá. Mo fi aṣọ dúdú bo ìta."

"Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá, ogún ọdún ni mo ti ń rán fáríwà!"

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Irun wà níta lára gbogbo wọn, ó rí wúruwùru, bí ẹni pé ewúrẹ́ ló dìde dúró tó gbé ìbọn.

"Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wọ̀ ọ́ sódì," ni mo wí. "Ká ní wọ́n ní télọ̀ gidi ni, òtútù ì bá má mú wọn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ìwọ télọ̀ yìí! Àwọn tó kú sínú ẹrẹ̀ lo tún ń bá jà lórí ẹ̀wù?" Ó nu ojú rẹ̀. "Kò burú. Màá gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. O ti parí iṣẹ́ rẹ, o ṣeun."

Gbólóhùn tí mo ti ń sá fún láti oṣù méjì nìyẹn. Mo lè dúpẹ́ kí n máa lọ, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ pé mo ṣe àṣìṣe.

"Bàbá, mo ṣì í rán," ni mo wí. N kò sọ ọ́ fún oníbàárà kankan rí. "Ẹ jẹ́ kí n tú u, kí n tún un rán."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. Á pẹ́ díẹ̀ o."

Ó ká ẹ̀wù náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Má kánjú," ó ní. "Òtútù kò tíì mú mi."

Mo ní abẹ kan tó lè tú u láàárín wákàtí kan. N kò yọ ọ́ kúrò nínú àpótí. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń fa òwú náà yọ, ẹyọ kan lẹ́yìn ẹyọ kan, nínú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ló ń dún. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni mo tú lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá di Jímọ́ọ̀, màá gbé e lọ kí Bàbá rí ibi tí mo bá a dé.