Ẹja Tí Kò Léegun

Eegun ẹja há ìyá mi lọ́fun lọ́dún tó kọjá, kété tí mo mú un kúrò ní Igbemọ wá sọ́dọ̀ mi ní Adó. Láti ìgbà náà ló ti ń sá fún ẹja. Ẹran pàápàá ti le jù fún eyín rẹ̀. Àkurákudà gbígbẹ, ẹja òkun ńlá nì, nìkan ló gbà láti jẹ, nítorí eegun rẹ̀ rọ̀, ó ṣe é rún lẹ́nu. Bí mi ò bá rí i rà, ńṣe ló máa ń ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ó sì ti rù jù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ti àdúgbò wa ní Adébáyọ̀ lọ sí Ọjà Ọba ní gbogbo Sátidé. Ègé ẹja náà tó máa ń nípọn bí itan àgbàlagbà ti wá di bí apá ọmọdé. Mo bínú sí ìyá ẹlẹ́ja, mo ní ó ń fi èyí tó dáa pamọ́ fún àwọn oníbàárà tó ní mọ́tò. Ó rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ibo ni mo fẹ́ fi pamọ́ sí? Àwọn tó ń kó o wá láti etí òkun ní àwọn ńlá rẹ̀ ti ń tán. Èyí tí àwọ̀n bá ṣáà ti gbé ni wọ́n ń yan gbẹ."

Lọ́jọ́ yẹn, odidi ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ikùn rẹ̀ yọ. Àwa ará òkè ibí mọ ẹyin ẹja, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ẹja kan wà tó máa ń lóyún. Mo ní ẹyin ló kún inú rẹ̀, ni mo bá fi ayọ̀ gbé e lọ sílé.

Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló là á. Ọmọ ló bá níbẹ̀, kéékèèké, tojú tìrù, gbogbo wọn ti gbẹ mọ́ ìyá wọn nínú. Agbẹ̀bí ni ìyá mi nínú ìjọ Aládùúrà ní Igbemọ, kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó wò wọ́n títí.

"Aboyún rèé," ó ní. "Bí wọ́n bá ń pa ìyá tọmọtọmọ, kí ló máa kù sínú omi?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà jẹ díẹ̀ lára rẹ̀, torí ẹja náà ti kú ná.

"Gbẹ́ ulẹ̀ fún mi," ni ó wí.

Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, a sì sin ẹja náà tọmọtọmọ. Ó gbàdúrà sórí wọn pẹ̀lú ohùn tó máa ń lò fún àwọn ọmọ tí a bí tí wọn ò ké. Ẹ̀rù bà mí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Kò jẹ ẹja mọ́. Ẹ̀kọ mímu ni mò ń fi ṣíbí bù sí i lẹ́nu, títí kò fi lè gbé e mì mọ́. Nígbà tí òjò ń parí, a sin òun náà.