Agbada Gàrí ní Ṣọ́ọ̀bù Wẹ́dà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sodiqat ní Òtù á rò pé òun ṣìnà ni. Agbada gàrí wà lórí ààrò níbẹ̀, èédú ń jó lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gàrí ló wà nínú rẹ̀. Ẹlẹ́kítíróòdù ni, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin pọ̀. Bí irin tó fẹ́ jó bá nípọn, obìnrin yìí á kọ́kọ́ yan ọ̀pá rẹ̀ fún odidi wákàtí méjì. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń ṣe wẹ́dà, àwa oníbàárà rẹ̀ ò sì yéé fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Sodiqat, ẹ bù ú fún wa, ká fi omi tutù sí i."

Kì í bínú. Á ṣàlàyé ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ní Ìsẹ́yìn, pé ohun bí ẹfun tó bo ara ọ̀pá yẹn máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Bí iná bá kan omi náà, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní háídírójìn inú rẹ̀ á jáde, á kó sínú irin tó ń yọ́. Ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, kò sì ní òórùn. Bí irin bá tutù, ó há síbẹ̀ nìyẹn, á máa rìn kiri, á máa kóra jọ, títí irin tó le á fi là fúnra rẹ̀. "Lónìí kò ní ṣe é ní nǹkan kan," á ní, "ọ̀la tàbí ọ̀tunla lẹ ó rí i."

Èmi ò gbà á gbọ́. Katakata ni mò ń wà, ara mi kì í gba ìdúró. Lásìkò òjò tó kọjá, apá irin tó so tírélà mọ́ katakata mi kán. Ìdúró níwájú agbada yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo pariwo, mo halẹ̀ pé n óò gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà mìíràn. Ó wò mí títí, ó mú ọ̀pá tí kò tíì yan, ó sì jó o.

"Tàjú, ohun tó o ní kí n ṣe yìí ò dáa," ó ní. "Ẹ̀gẹ́ nìkan ni kó o fi tírélà náà kó. Má kó èèyàn sí i títí ọjọ́ mẹ́ta, kí n tún un wò."

Mo ní mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin mọ́kànlá ló jókòó sínú tírélà náà, tí wọ́n ń lọ fa ẹ̀gẹ́ lóko kan lọ́nà Òkàká. Àbíkẹ́ ìyàwó mi wà lára wọn, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin. Kí ni n bá sọ fún wọn? Pé agbada gàrí ló ní kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn?

Bí a ṣe kúrò nílùú ni àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ibikíbi tí táyà bá ti bọ́ sí kòtò, etí mi á wà lẹ́yìn. Mo dúró lẹ́ẹ̀mejì, mo fi òòlù lu irin náà, ó dún gooro. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín mi. Òógùn bò mí, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì mú. Nígbà tí mo rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sódò níwájú, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ní kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n bú mi. Àbíkẹ́ ló bínú jù. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi oyún rin máìlì méjì ni?"

"Máa rìn," mo ní. Mi ò sọ ìdí rẹ̀.

Mo pe Ìyá Sodiqat lórí fóònù, ó gun ọ̀kadà wá. Ó wo irin náà yí ká, kò rí nǹkan kan. Inú ti ń bí mi pé mo sọ ara mi di ẹlẹ́yà lásán. Ó mú ayùn irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ojú ibi tó jó. Ayùn ò tíì dé ìdajì tí irin náà fi ṣẹ́ lójú wa. Nínú lọ́hùn-ún, ó ti là, ó dúdú.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi ni mo jó o," ó ní. "Ọwọ́ ara mi ni."

Ó yẹ kí n sọ nígbà náà pé èmi ni mo kán an lójú. Ayùn rẹ̀ ni mo bá a ká nílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá àwọn obìnrin náà lóko, tó sọ fún wọn pé iṣẹ́ òun ni ìbá pa wọ́n, kò dárúkọ mi. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ìlú Ìrawọ̀ báyìí, àwọn oníbàárà ò fi bẹ́ẹ̀ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Lánàá, Àbíkẹ́ ní n kò gbọdọ̀ gbé irin kankan lọ bá obìnrin yẹn mọ́ láéláé.

Mo ní ó dáa.