Ráútà Ilé Ìwòsàn Abẹ́ Òkè

Abọ́ ìrẹsì kan pẹ̀lú ẹran tínńtín ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ní búkà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọ ní Ẹ̀fọ̀n. Nígbà tí a wà ní yunifásítì, àádọ́ta kọ́bọ̀ la fi ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ìdámẹ́rin adìyẹ, a ó sì tún gba ọsàn kan lé e. Mo mọ̀ pé o rántí, torí ìwọ náà jẹ níbẹ̀. Mo jókòó sí búkà yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá, afẹ́fẹ́ gbé òórùn ísààlì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ láti inú wọ́ọ̀dù wá pàdé òórùn òróró gbígbóná, mo sì gbé ṣíbí sílẹ̀. N kò lè jẹun mọ́. Òórùn méjèèjì yẹn ló wà nímú mi ní ọ̀sán ọjọ́ tí a ń wá bí ọ̀rẹ́ wa ṣe máa rí ojú ọmọ rẹ̀ kó tó kú.

Àwa mẹ́ta la ti jẹ́ ọ̀rẹ́ láti kíláàsì. Èyí tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀fọ̀n ṣiṣẹ́ tẹlifóònù títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èkejì di olùkọ́ físíìsì, gbogbo Ìpótì ló ń pè é ní Tísà. Èmi ni ẹ̀kẹta, mo fi ọjọ́ ayé mi ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, mo sì padà sílé sí Ìjerò. O mọ bí ilé ìwòsàn yẹn ṣe wà nínú kòtò láàárín òkè, tí fóònù kì í wọ ibẹ̀ àfi kéèyàn gun òkè. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa fẹ̀yìn tì, òun ló gbé éríà tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì sórí òkè, tó fa wáyà wálẹ̀, tó sì gbé ráútà kalẹ̀ sínú ọ́fíìsì tó fara ti wọ́ọ̀dù. Àpótí pẹlẹbẹ ni ráútà yẹn, òun ló ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kiri ilé ìwòsàn náà. Kò gba owó lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. “Bó bá ṣàìsàn, ẹ pè mí,” ló máa ń wí.

Òun gan-an ló wá ṣàìsàn. Rọpárọsẹ̀ kọlù ú, apá ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú àgbá ló fi ń mí, kò sì ṣeé gbé kúrò níbẹ̀. Dókítà ti pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí a ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì wà ní Kánádà, ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì gún régé, kò sì lè wálé. Íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fẹ́ fi rí ara wọn. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni àrá sán lórí òkè, iná ráútà ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò kọjá nínú rẹ̀.

Tísà gun òkè lọ pe ọmọ náà, ó ní kó ya fídíò ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù òun, kí òun gbé e wá fún bàbá rẹ̀ wò. Ọmọ náà ní, “Rárá, sà. Mo fẹ́ kí Dádì rí mi, kí èmi náà rí wọn.”

Ihò kan wà lẹ́yìn ráútà tí wọ́n ń pè ní kọ́ńsóòlù. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá kú, ibẹ̀ lèèyàn ń ki wáyà láptọ́ọ̀pù bọ̀ láti bá àpótí náà sọ̀rọ̀ tààrà. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, ojú láptọ́ọ̀pù dúdú kirimú.

Tísà ti sọ̀ kalẹ̀ dé, ó ní, “Ṣé ọ̀ṣọ́ lo fi wáyà yẹn ṣe ni?”

Mo yọ ọ́, mo nu ẹnu rẹ̀, mo tún kì í bọ̀ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ó rí pálapàla bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú ẹrẹ̀.

“Ó ti ń fi èdè àjèjì gbàdúrà,” ni Tísà wí.

Mo mọ ohun tó fà á. Ìyára láptọ́ọ̀pù àti ti ráútà kò bára mu, bí ìgbà tí ẹnìkan ń sáré sọ̀rọ̀ fún ẹni tí etí rẹ̀ ń falẹ̀. Mo ń yí ìyára náà padà díẹ̀díẹ̀ títí lẹ́tà gidi fi jáde. Ohun tí ráútà kọ ni pé kí a mú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọ̀rẹ́ wa fi tì í wá.

A gbìyànjú nọ́ńbà yàrá wa ní họ́ọ̀lù. A gbìyànjú nọ́ńbà ìgbàwọlé ọ̀rẹ́ wa ní yunifásítì, ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀, orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Ráútà kò gba ọ̀kankan. Nọ́ọ̀sì yọjú sí wa, ó rọra ní, “Ẹ̀yin bàbá, èémí Bàbá ti ń jìnnà síra.”

Ṣé o rántí láàbù wa ní yunifásítì, bí olùkọ́ yẹn kò ṣe fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni? A máa ń fi eegun ìka lu tábìlì láti fi sọ ohun tí mítà kà fún ara wa. Bó bá jẹ́ òdo, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra tábìlì. Tísà ló rántí. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sétí ọ̀rẹ́ wa, mo sì ń gbọ́ ọ láti ọ́fíìsì torí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

“Ọ̀gá tẹlifóònù, alágídí, kí lo fi ti nǹkan yìí? Lù ú fún wa bíi ti láàbù.”

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìka òsì rẹ̀ lára irin bẹ́ẹ̀dì. Ó lù ú, ó sinmi, ó tún lù ú. Tísà ń pe nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Ráútà ṣí.

Tísà béèrè pé, “Nọ́ńbà kí nìyẹn?”

“N kò mọ̀.”

Ó hàn sí mi pé nígbà tí àrá sán, ráútà ti fúnra rẹ̀ pa ẹnu ọ̀nà tí wáyà òkè gbà wọlé dé. Mo pàṣẹ kó ṣí i, iná aláwọ̀ ewé sì tàn. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lọ síwájú bẹ́ẹ̀dì, mo pe ọmọ náà, ojú rẹ̀ sì yọ.

“Dádì, èmi nìyí.” Ó wo bàbá rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ta ló ya irun yín báyìí? Ẹ dà bí ọmọ tó ń lọ ya fọ́tò.”

Ìdajì ẹnu ọ̀rẹ́ wa tí àìsàn kò mú gbéra sókè díẹ̀. Kò ṣẹ́jú. Ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ nípa òtútù, nípa ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iléèwé, nípa olùkọ́ tí kò lè pe orúkọ ọmọ kékeré yẹn. Ẹnu ìtàn yìí ló wà tí nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan ọrùn bàbá rẹ̀, tó wò wá, tó sì mi orí. Ọmọ náà kò mọ̀, ó ṣì ń sọ bí wọ́n ṣe ń gé orúkọ náà kúrú. Tísà ló tẹ̀ síwájú.

Ó ní, “Ọmọ mi, ó tó.”

A béèrè nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà lórí fóònù lẹ́yìn ìsìnkú, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí ẹnì kankan, kì í ṣe nọ́ńbà ilé tàbí ti ọkọ̀. Mo ti fi í sílẹ̀. Mo ti rò pé ẹni tí a jọ jẹun nínú abọ́ kan láti ìgbà èwe kò ní yàrá tí n kò wọ̀ nínú rẹ̀. Inú ènìyàn jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára tó kù lára rẹ̀ ló fi ju kọ́kọ́rọ́ sí wa, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún wa ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́ fún un. Mo ti gbà pé bí a ṣe máa ń mọ ara wa mọ nìyẹn.

Nínú àwọn tó wà ní láàbù yẹn, olùkọ́ wa ti kú tipẹ́. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa ṣì wà láàyè ní Arámọkọ, ó ń lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Ẹni tó wà ní Ìkọ́gòsì wà láàyè, ojú rẹ̀ ló ti fọ́. Ìwọ wà, èmi wà. Tísà wà ní Ìpótì, ó ń jẹun, ó ń rìn yípo àgbàlá, ṣùgbọ́n orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló ń pè mí báyìí. Mo máa ń jẹ́ ẹ.