Ilé Tí Wọ́n Fi Aago Oníbúrẹ́dì Yàn

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe obìnrin náà níbi iṣẹ́. Ó tín-ín-rín, kì í pariwo, àmọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án láìwòye yóò mọ̀ pé òun fọwọ́ kan nǹkan. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ nọ́ọ̀sì ló ti ń ṣiṣẹ́, ọdún mọ́kànlá gbáko. Ọrùn aṣọ nìkan ló ń rán. Ẹlòmíràn ń rán apá, ẹlòmíràn ń tẹ bọ́tìnì mọ́ ọn. Òun, ọrùn. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára jù. Ọdún mẹ́fà ló fi dúró kí ibẹ̀ tó kàn án.

Ilé iṣẹ́ náà ní òfin kan. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n ń ti géètì. Ọkùnrin kan tí wọ́n sọ ní Aago ló ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, kò sí ẹjọ́, kò sí àròyé, ẹ̀rọ rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Bẹ́ǹṣì kan wà níta géètì tí àwọn obìnrin tó ń wá iṣẹ́ máa ń jókòó lé láti àárọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń wọlé ló ń rí wọn.

Ọkọ rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì. Aago mẹ́ta ìdájí ló ń jáde nílé, nígbà tó bá máa fi di aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ti parí. Ọkùnrin dáadáa ni. Kì í mutí, kì í lu ènìyàn, àfi pé ìyẹ̀fun kì í tán létí rẹ̀.

Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé, lókè ibi iṣẹ́ àwọn jórinjórin. Iná irin ń kọ yẹ̀rì lójú fèrèsé, èéfín ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọmọ méjì ni wọ́n bí: obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àti ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, tí ikọ́ rẹ̀ kì í lọ tán. Kò síbi tí wọ́n ti lè ṣeré ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kò sì gba ju ènìyàn méjì lọ. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù wọn bọ́ sójú títì, ọmọkùnrin náà sì sáré tẹ̀lé e. Mọ́tò kan tẹ bíréèkì. Ó ku ìgbọ̀nwọ́ kan kó gbá a.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àtikó kúrò ti wọlé. Abẹ́rẹ́ gan-an ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹ má gbàgbé ìyẹn. Kì í ṣe pé obìnrin náà kò fẹ́ kó.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló gba wíwá ilé kanrí. Ọ̀gá ilé ìwé ni tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ń gbé ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn ìlú ńlá. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Tó bá ń ròyìn afẹ́fẹ́ ibẹ̀, wàá rò pé òun ló ń tà á.

Ní Ọjọ́ Ajé kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Wọ́n ti rí ilé ní ìlú Ẹ̀gbọ́n. Yàrá mẹ́ta, àgbàlá tó ní géètì, ilé ìwé tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé láìsọdá títì kankan, pápá ńlá tí koríko rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Kò sí jórinjórin. Onílé ní òun á fi ilé náà dè wọ́n di Àbámẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ní ibi tó yẹ kí ọmọ ènìyàn dàgbà sí nìyẹn, pé ẹyẹ ló ń jí ènìyàn níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ béèrè pé báwo ló ṣe jìnnà sí.

Ọkọ rẹ̀ ti ń retí ìbéèrè yẹn. Ó na ọwọ́ tí aago wà jáde. Ó ní òun kò gba ti ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́, òun fi ara òun wò ó. Òun sùn sílé Ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ kan, òun bá awakọ̀ kan tó ń gbé níbẹ̀ wọ ìlú ní ìdájí: ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Awakọ̀ náà yóò sì máa gbé òun lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kejì, òun wọ rélùwéè láti ibẹ̀ wá sáàárín ìlú: ogójì ìṣẹ́jú. Ènìyàn mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, òun tiẹ̀ na ẹsẹ̀ sórí àga.

“Aago mélòó lẹ wọ ọ́?” Abẹ́rẹ́ béèrè.

“Kí ni ti aago níbẹ̀? Ọ̀nà kì í gùn, kì í kúrú.”

“Mo ní aago mélòó.”

“Mọ́kànlá.”

Abẹ́rẹ́ ní aago mọ́kànlá kọ́ ni òun ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó wa, ọmọ là ń wí, ìwọ ń sọ ti aago.” Ọkọ rẹ̀ náà bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ dùn ún. Ìbéèrè tó lórí tó nídìí ló bi wọ́n, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkọ rẹ̀ kò purọ́ o. Ó ka ìṣẹ́jú rẹ̀ pé. Àmọ́ ó ti tó ọdún méjìdínlógún tí ọkùnrin yìí ti mọ bí ọ̀nà ṣe ń rí ní aago mẹ́fà àárọ̀ kẹ́yìn. Ìgbà tí ayé bá ń sùn ló ń lọ. Ìgbà tí ayé bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ló ń bọ̀. Lójú tirẹ̀, kò sí èrò láyé. Tí wọ́n bá ní àwọn ènìyàn ń ti ara wọn ṣubú ní ibùdókọ̀, ó máa ń rò pé ìwà wọn ni kò dáa.

Abẹ́rẹ́ kò bá wọn jiyàn mọ́. Ní Ọjọ́rú, ó bẹ ìyá arúgbó aládùúgbò wọn, tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwọn, kó bá òun wọṣọ fún àwọn ọmọ, kó sì mú wọn lọ sílé ìwé. Aago márùn-ún ló wọ rélùwéè jáde nílùú. Rélùwéè tó ń jáde kò ní èrò. Kí aago mẹ́fà tó lù, ó ti dúró níwájú ilé náà.

Ilé náà dára. Ó wo géètì, ó wo àgbàlá, ó wo pápá tí ìrì ṣì wà lórí koríko rẹ̀. Ó rò ó bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò ṣe máa sáré níbẹ̀ láìsí mọ́tò. Ìyẹn tún dá kún ìbínú rẹ̀. Ká ní ilé burúkú ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀.

Ó rìn lọ sí ibùdókọ̀. Aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èrò ti kún títí dé orí àtẹ̀gùn, ẹnì kan kò sì bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Rélùwéè àkọ́kọ́ dé, ó ti kún láti ibi tó ti ń bọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, ènìyàn mẹ́ta rún ara wọn wọlé, ó lọ. Èkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ dúró.

Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ ní báǹkì kan nígboro. Ó wọ sálúbàtà, ó fi bàtà gidi sínú ọ̀rá. Ó wo Abẹ́rẹ́ láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní àlejò ni. Abẹ́rẹ́ béèrè bó ṣe mọ̀.

“Ẹ dúró bí ẹni pé wọ́n máa ní kẹ́ ẹ máa bọ̀,” obìnrin náà dáhùn. “Ẹ yọ ìgúnpá yín síta.”

Ẹ̀kẹrin ni wọ́n rí wọ̀, obìnrin báǹkì fi èjìká tì í wọlé látẹ̀yìn. Wọ́n dúró, imú sí imú. Bọ́tìnì já lára aṣọ Abẹ́rẹ́, kò sì sí àyè láti bẹ̀rẹ̀ mú un. Rélùwéè ń rìn, ó ń dúró, ó ń rìn, ó tún ń dúró lórí afárá láìsí ẹni tó sọ ìdí. Obìnrin náà ní ó di ọdún mẹ́ta tí àwọn ti kó wá, nítorí ọmọ ni. Abẹ́rẹ́ bi í léèrè ọmọ ọ̀hún. Ó ní ọwọ́ aládùúgbò ló wà. Òun ń jáde kó tó jí, ó sì ti máa ń sùn kí òun tó dé.

“Ó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa báyìí,” obìnrin náà ní. “Wọ́n sọ fún mi.”

Kò sunkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ti òjò.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ló dé géètì. Wákàtí méjì ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago tó ń ṣọ́ géètì wò ó títí, ó ní, “Ìwọ náà?” ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Lórí bẹ́ǹṣì, ọmọbìnrin kan ti dìde, ó ń gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ nù.

Nígbà tó délé lálẹ́, Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ilé. Abẹ́rẹ́ kí i, ó jókòó, ó rò fún wọn bó ṣe lọ àti bó ṣe bọ̀, kò bù mọ́ ọn, kò yọ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní bóyá nǹkan bà jẹ́ lójú irin lọ́jọ́ náà ni. Ẹ̀gbọ́n mira sókè lórí àga.

“Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí?” ó ní. “Ṣebí a ti jọ sọ ọ́, pé tó bá débẹ̀ á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Á máa rán ṣòkòtò ọmọléèwé nínú ilé.”

Abẹ́rẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ẹ̀yin ni Abẹ́rẹ́ máa ń pè é níwájú ẹbí. Ọjọ́ yẹn, kò rántí.

“Ṣé ìwọ lo jókòó tí wọ́n fi iṣẹ́ mi tọrẹ? Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró de fèrèsé yẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Ìwọ ni mò ń bá wí. Aago mẹ́ta lo ń jáde. Tí èmi náà bá ń jáde ní márùn-ún, ta ni yóò máa wọ bàtà fún àwọn ọmọ? Koríko pápá?”

Ẹ̀gbọ́n dìde. Ó ní òun ti fi ẹnu òun fún onílé, òun kò wá gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ níṣojú òun, pé ibi tí ẹyẹ ń jí ènìyàn ni òun fi lọ̀ wọ́n. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ fún un nítorí pé ó yẹ kó kúnlẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n,” ó ní. “Ẹyẹ ń jí yín torí pé ẹ ò níbi tí ẹ ń lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Ọkọ Abẹ́rẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Abẹ́rẹ́ ní kò sí ọ̀rọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń fọ ààrò búrẹ́dì níbi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, kò sí iṣẹ́ fún un. Abẹ́rẹ́ ní kó wọ bàtà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó lọ síbẹ̀, kó sì ti ibẹ̀ bọ̀ ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá dé tó ní ó ṣeé ṣe, òun á palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ó lọ. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti kọjá kó tó wọlé. Ìyá arúgbó aládùúgbò wọn ló ròyìn rẹ̀ fún Abẹ́rẹ́: ó ní bọ́tìnì méjì ti já, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kan ti yanu, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n jí gbé tí wọ́n sì dá padà. Kó tó jókòó rárá ló ti pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, pé kí onílé fi ilé rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ délé, ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Ó ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n. Ó ní ọkùnrin kan sùn lé òun léjìká láti ibùdókọ̀ kejì títí dé ìgboro, òun ò lè mira. Ó ní ayé ti bà jẹ́, pé ṣé wọ́n mọ̀ pé rélùwéè tiẹ̀ ń kọjá láìdúró! Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Abẹ́rẹ́ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Mo ti ní ká má lọ mọ́,” ọkọ rẹ̀ ní. “Síbẹ̀, ojú ẹ ṣì le. Kí lo tún fẹ́?”

“Mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ Ajé, o rẹ́rìn-ín,” Abẹ́rẹ́ dáhùn. “Mo lọ fojú ara mi rí i, mo sọ fún ẹ lọ́jọ́rú, o ní nǹkan bà jẹ́ lójú irin. Rélùwéè tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, o gbọ́. Rélùwéè lo gbọ́ tirẹ̀. O ò gbọ́ tèmi.”

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà tó yanu, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Obìnrin báǹkì ti sọ fún Abẹ́rẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n jọ wọ rélùwéè, pé ìlú kékeré kan wà ní ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, níbi tí ọ̀nà irin kejì ti ń bẹ̀rẹ̀. Rélùwéè ibẹ̀ ṣófo nígbà tó bá ń gbéra. Ìlú náà kò lẹ́wà, àmọ́ ènìyàn ń rí àga jókòó. Ní Ọjọ́ Ẹtì kejì, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi jáde lọ wò ó. Wọ́n kó àwọn ọmọ dání, torí àwọn ni yóò gbé ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló di aago mú. Òun ló ṣáájú, kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ sì gbé ọmọkùnrin wọn kọ́ èjìká, ó ń tẹ̀lé e.

Ọmọ náà wúkọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá pápá wà níbi tí wọ́n ń lọ.

Ìyá rẹ̀ ní òun kò tíì mọ̀.