Kámẹ́rà Tó Ti Dé Ọ̀dọ̀ Aránbàtà Rí

Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá nídìí fọ́tò, ó yẹ kó yé wọn pé ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá náà lójú. Ọkọ àbúrò aránbàtà kan lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, ó ní iná mẹ́rin lórí irin, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò mọṣẹ́. Ẹnu ẹ̀ nìkan ni ò dáa. Lọ́jọ́ kan, aránbàtà na fóònù ẹ̀ sí i pé kó wo fọ́tò tóun yà, ti bàbá arúgbó kan tó wá gba bàtà, tí oòrùn àárọ̀ bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ayàwòrán wò ó bí ẹni tí wọ́n fi oúnjẹ àná lọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o," ló wí. "Bàtà lẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa rán bàtà."

Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe bú àgbà, tó sì fi "ẹ" bú u? Èébú tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ wé, òun ló ń pẹ́ lára jù. Ọdún méjì gbáko lọ̀rọ̀ yẹn fi jókòó sí aránbàtà láyà. Ọdún méjì yẹn náà ló fi ń tọ́jú owó kó lè ra kámẹ́rà gidi, irú èyí tí wọ́n ń yọ lẹ́ńsì ẹ̀ tí wọ́n ń fi òmíràn sí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bí gọ́ọ̀mù bá ń gbẹ lára bàtà, á tan fídíò sórí fóònù, á máa wò ó, á tún un wò, títí tó fi yé e bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú lẹ́ńsì kọjá.

Ìyàwó ẹ̀ ò ta kò ó, àmọ́ ó bá a ṣe àdéhùn.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o, bàbá àwọn ọmọ. Tí wọ́n bá fi lu yín ní jìbìtì, mi ò fẹ́ gbọ́ kámẹ́rà nínú ilé yìí mọ́."

"Mo ti gbọ́."

"Gbígbọ́ kọ́. Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

"Tí mo bá ṣì í rà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ mọ́."

Ó sọ ọ́, ẹ̀rù sì bà á.

Kí aránbàtà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kámẹ́rà, ayàwòrán ti gbọ́ pé ó fẹ́ rà á. Ó gbé báàgì dúdú kan wọlé ṣọ́ọ̀bù bàtà, ó fẹsẹ̀ ti àlòkù sálúbàtà sẹ́yìn, ó sì jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, orí yín ló ní kẹ́ ẹ má tíì náwó. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ta tiẹ̀. Kámẹ́rà àwọn ọ̀gá ni. Kò tíì lò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá."

Ó yọ ọ́ síta. Ó tóbi, ó dúdú, ó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó.

"Àbí kékeré tí wọ́n ń tà fún ọmọléèwé lẹ fẹ́ gbé kọ́rùn?"

Orí aránbàtà wú. Ó rò ó lọ́kàn pé òun ti délé ayọ̀ lónìí. Ó gbé kámẹ́rà náà sójú, gbogbo òpópónà sì wọ inú fèrèsé kékeré yẹn. Bó ṣe gbé e súnmọ́ ojú ló gbé e súnmọ́ imú. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e sókè, ó sì fín in símú dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Wọn kì í gbóòórùn ẹ̀."

"Mo mọ̀."

Àmọ́ òórùn yẹn ni aránbàtà ti ń fà símú láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọdún méjìlélógún. Ó ti èékánná bọ abẹ́ rọ́bà tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú, rọ́bà náà sì ṣí bí ìsàlẹ̀ bàtà ṣe ń ṣí. Gọ́ọ̀mù bàtà ló wà lábẹ́ ẹ̀, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

"Kámẹ́rà yìí ti dé ọ̀dọ̀ aránbàtà rí," ló wí jẹ́jẹ́. "Ọwọ́ tó ti ń làágùn sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń ṣí rọ́bà, kì í ṣe ìlò ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bàtà tó ń dán lókè, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀, ṣé tuntun lo máa pè é?"

Ayàwòrán dá kámẹ́rà padà sínú báàgì. Àwọn méjèèjì jọ gbé e lọ bá ìyá tó ń ta kámẹ́rà ní ìkóríta. Ìyá yẹn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wo iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ awò ojú ẹ̀. Iye náà lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba.

"Arúgbó nìyí," ni ìyá náà wí. "Wọ́n kàn fi òróró pa á lára ni."

"Wọ́n tan èmi náà," ni ayàwòrán wí.

Ó lè jẹ́ òótọ́. Aránbàtà ò bi í. Àmọ́ ọ̀gá fọ́tò gbé kámẹ́rà yẹn lọ́wọ́ wá, imú ẹni tó ń rán bàtà ló mọ̀ ọ́n.

Ara aránbàtà wá fúyẹ́ bí ẹni tó sọ àpò sìmẹ́ǹtì kalẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà di èèwọ̀ nínú ilé ẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí ìyá náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ máa yà gan-an?" ni ìyá náà bi í.

Láti ọdún méjì, kò tíì sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn.

"Ojú èèyàn. Nínú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Ìyá náà gbé àwọn ńlá sẹ́yìn, ó fún un ní kékeré kan àti lẹ́ńsì pẹlẹbẹ tó ń ríran níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀. Aránbàtà dijú. Ó fi ìka wá bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wá irinṣẹ́ lábẹ́ tábìlì, gbogbo wọn sì wà níbi tí ọwọ́ ẹ̀ lọ. Ó ka owó lé ìyá náà lọ́wọ́.

"Èyí náà dáa," ni ayàwòrán wí lẹ́yìn, ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀.

"O ṣeun, àna mi."

Oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tí aránbàtà délé. Ìyàwó ẹ̀ ń ká aṣọ. Ó ní kó jẹ́ kóun pààrọ̀ aṣọ, àmọ́ ọkọ ẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà gba kámẹ́rà, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀, ó wò ó pẹ́.

"Ṣé bí mo ṣe máa ń rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó hàn pé ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ̀ ọ́ lóòótọ́."

Kò bínú. Ó gbé aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀, ó fa àga súnmọ́ ìmọ́lẹ̀, ó sì gbé àgbọ̀n sókè.

"Ó yá, ẹ ya òmíràn. Mo ti sinmi."